Ẹ yéé ra gíláàsì kí ẹ tó mọ ẹni tó ṣiṣẹ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí àmì ẹ̀yẹ fún àwọn tó ń ti aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn níbi iṣẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan pè mí láti Manchester. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá wọn sì ti yọ £8,000 fún un pé kó fi yẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ran aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ sí. Mo ní, "Àbúrò, ibo lẹ bá a dé?" Ó ní àwọn ti san owó gbọ̀ngàn, àwọn ti ra ogún gíláàsì tí wọ́n máa ń fín orúkọ sí fún àmì ẹ̀yẹ, àwọn sì ti bá onílù sọ̀rọ̀. Mo ní ta lẹ wá fẹ́ kó gíláàsì fún? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn là ń wá báyìí."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín pa mí, torí ara mi ni mo rí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà nídìí irú ètò yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, ní káńsù kan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ilé ìwòsàn. Nínú gbogbo kòtò tí mo fẹ́ kà yìí, kò sí èyí tí mi ò jìn sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbínú sọ ọ́ díẹ̀, ó ti pẹ́ nínú mi.

1. Gíláàsì. Lọ́dún àkọ́kọ́ tèmi, méjìdínlógún ni mo rà, mo ní kí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ ọdún sí i lára. Ènìyàn méje péré ló tọ́ sí i. Mọ́kànlá tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní Thamesmead di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àyàfi ẹyọ kan tí ìyàwó mi gbé jáde láti máa fi di ilẹ̀kùn kíṣìn kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.

2. Orúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ̀yin wá gbé orúkọ ọmọ ọlọ́mọ fún ẹni tó ń fín gíláàsì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti rí Damiláre tó di "Damilaire" lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ ní kí ẹni náà fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, kó sì fi ohùn pè é lórí WhatsApp, kí olóòtú ètò lè gbọ́ ọ nílé kó tó dúró nídìí máíkì. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

3. Kíkó gbogbo rẹ̀ sínú oṣù kẹwàá, torí pé òun ni Black History Month, oṣù ìrántí ìtàn aláwọ̀ dúdú, kí ẹ sì fi àwòrán Amẹ́ríkà bo ògiri. Oṣù kejì ni ti Amẹ́ríkà: Carter G. Woodson, onímọ̀ ìtàn aláwọ̀ dúdú, ló fi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1926, ó di odindi oṣù ní 1976. Oṣù kẹwàá ni ti Bìrìtéènì, láti 1987, nígbà tí Akyaaba Addai-Sebo, ọmọ Gánà tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Greater London Council, ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́, mú un jáde. Síbẹ̀ mo ti wọ gbọ̀ngàn kan ní Croydon rí tí Martin Luther King àti Rosa Parks gba gbogbo ògiri, tí kò sí Paul Stephenson, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Bìrìtéènì, níbì kankan. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ gan-an sì ni ti Stephenson! Ní 1963, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú Bristol kọ̀ láti gba aláwọ̀ dúdú láti máa wa bọ́ọ̀sì tàbí já tíkẹ́ẹ̀tì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí aráàlú má wọ bọ́ọ̀sì wọn mọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni ilé iṣẹ́ náà juwọ́ sílẹ̀, ọjọ́ kan náà tí King ń sọ̀rọ̀ ní Washington. Ẹ wo ìtàn tí ẹ fi sílẹ̀ tí ẹ lọ ń lẹ póòsítà.

Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà ni mo ń ṣe é nísinsìnyí. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà ni àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi Windrush, tó kó èèyàn wá láti erékùṣù Karibíánì, sọ̀kalẹ̀ ní Tilbury ní 1948, ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún yẹn sì ni NHS, ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fún ilé ìwòsàn, kí lẹ tún ń wá? Àwọn tó ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò rí iṣẹ́ púpọ̀ ní oṣù kẹfà, wọ́n á dá yín lóhùn. Ní oṣù kẹwàá, ẹ̀yin lẹ máa máa bẹ̀ wọ́n.

4. Owó orí. Ibí yìí lojú ti tì mí jù. Mo fún ènìyàn méjìlá ní káàdì ìrajà £100 ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo wá ń yangàn pé mi ò fún ẹnikẹ́ni lówó, nítorí náà kò kan HMRC, àwọn tó ń gba owó orí fún ìjọba. Ó kàn wọ́n. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ pé ẹ̀bùn tí kò bá ju £50 lọ kì í gba owó orí, àmọ́ wọn kì í ka ìlà tó tẹ̀ lé e: kò gbọdọ̀ jẹ́ owó, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èrè iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe. Àmì ẹ̀yẹ wá ńkọ́, kí ló tún jẹ́ bí kò ṣe èrè iṣẹ́? Ti ayẹyẹ ọdọọdún náà ní ìlà tirẹ̀. Wọ́n gbà yín láàyè títí dé £150 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ lè wá, bó bá sì fi pọ́n-ùn kan ré kọjá, gbogbo owó náà ni wọ́n máa bu owó orí lé, kì í ṣe pọ́n-ùn kan yẹn nìkan.

Oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí mo pín káàdì yẹn, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kíṣìn mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá bá mi. Ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ti yọ owó orí káàdì náà. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀bùn yín ti ń jẹ owó mi o." Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ bá àwọn tó ń san owó oṣù, kí wọ́n fi í sínú PAYE Settlement Agreement, àdéhùn ilé iṣẹ́ pẹ̀lú HMRC, kí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ san owó orí náà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje tó bá tẹ̀ lé ọdún owó orí yẹn ni gbèdéke rẹ̀.

5. Fọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá máa ka ẹyọ kan péré, ẹ ka èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan fún yín. Nígbà tí mo wà ní káńsù, ó ń ṣe sìkiọ́ríìtì lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ará Ìkìrun ni. Ní 2018 ni ọ̀rọ̀ Windrush tú síta: àwọn arúgbó tó ti wà nílùú yìí láti kékeré, tí wọ́n ní kí wọ́n wá fi ìwé hàn, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, tí wọ́n lé àwọn mìíràn lọ sí ìlú tí wọn ò mọ̀ mọ́. Lọ́dún kejì rẹ̀, ìjọba ṣí ètò owó gbà-má-bínú. Bí màmá àgbà kan láti Jàmáíkà bá wọlé pẹ̀lú báàgì ọ̀rá tó kún fún lẹ́tà, àwọn tó wà ní káńtà á ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá yìí á dìde fún un lórí àga tirẹ̀. Á yọ ìwé kékeré kan nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì, á wo ẹni tó yẹ kó pè lókè, á pè é, kò sì ní jókòó títí ẹni náà á fi sọ̀kalẹ̀. Mo rí ìwé náà lọ́jọ́ kan. Rúlà ló fi pín ojú ewé sí mẹ́ta: ẹni tó wá, ẹni tí òun pè, ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ó ti kọ ọ́ kún ju ogójì ojú ewé lọ.

Ènìyàn mẹ́ta ló gbìyànjú láti dárúkọ rẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn. Àpótí àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù wa bèèrè nọ́ńbà òṣìṣẹ́. Kò ní nọ́ńbà, torí kọ́ńtírákítọ̀ ló gbà á síṣẹ́. Ìlà pupa kan á yọ, bọ́tìnnì á kọ̀. Ọ̀kan nínú wọn pè mí. Èmi tí mò ń kọ èyí, èmi tí mo so aṣọ òkè mọ́ tábìlì, mo sọ fún un pé, "Ẹ má bínú, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa." A gbé àmì ẹ̀yẹ náà fún ọ̀gá kan tó ti jókòó sí ìpàdé wa lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ, bàbá náà ló ń ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn fún wa. Bí mo ṣe ń kọjá, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o, ọmọ mi."

Mi ò tíì gbàgbé ìkíni yẹn.

Ẹ wò ó, ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, tó ń ṣọ́nà, tó ń se oúnjẹ, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, kọ́ńtírákítọ̀ ló sì gba ọ̀pọ̀ wọn. Wọn kì í ní ímeèlì ibi iṣẹ́. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá fi ìkéde sórí ímeèlì ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ẹ ní gbogbo ènìyàn ti gbọ́! Lẹ́yìn náà ó wá ń yà yín lẹ́nu pé orúkọ àwọn tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nìkan ló wọlé. Bí ẹ ṣe kọ fọ́ọ̀mù ni ẹ ṣe yan ẹni tó máa gbà á, kí ìgbìmọ̀ adájọ́ yín tó jókòó rárá.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Fọ́ọ̀mù mi jẹ́ bébà ìdajì ojú ewé, ìbéèrè mẹ́ta: ta ni, kí ló ṣe, ta ló jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ̀wé lè fi ohùn ránṣẹ́, ní èdè tó bá wù ú, a ó wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Mo máa ń lọ sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, pẹ̀lú fíláàsì tíì àti bọ́ọ̀nsì. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ mọ́kàndínlógún ni mo gbé jáde láti yàrá yẹn nìkan. Mẹ́fà ló ti orí ímeèlì wá. Kí ẹ sì kọ̀wé sí kọ́ńtírákítọ̀ ṣáájú, kí wọ́n yọ̀ǹda ẹni náà lọ́jọ́ ayẹyẹ láìgé owó rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó pe ènìyàn wá gba ẹ̀yẹ, á sì pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ti bàbá Ìkìrun ńkọ́? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a fún un. Ó ní kí a mú gíláàsì wa lọ, kí a bá òun ra àga méjì sẹ́nu ọ̀nà, torí ó ti rẹ òun láti máa dúró. A rà á.

Èyí tó kàn, ẹ fún un ní nọ́ńbà tó bá wù yín, mi ò kà á mọ́: fífún ọ̀gá àgbà. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis ní 2020, gbogbo ilé iṣẹ́ ló rántí pé aláwọ̀ dúdú wà láàárín wọn. Owó ya wọlé, ọ̀gá tó fi àwòrán onígun mẹ́rin dúdú sórí Instagram sì di "alátìlẹ́yìn ọdún". Mi ò ní kí ẹ má fún aláwọ̀ funfun. Bí ẹ bá tiẹ̀ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé aláwọ̀ dúdú nìkan, agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ á fi Equality Act 2010, òfin tó ka ojúsàájú léèwọ̀, wá yín wá, ẹjọ́ náà á sì tọ́ sí i. Iṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ bi ara yín pé, kí lẹni yìí fi sílẹ̀ kó tó lè ṣe é? Awakọ̀ kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Poland ni, ó fi Sátidé rẹ̀ gbé ènìyàn mẹ́tàlélógún lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, torí ó ti gbọ́ pé irú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ro ni àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sábà máa ń nílò, pé ó lé ní ìdajì aláwọ̀ dúdú tó ní in, tó sì ṣọ̀wọ́n lára àwọn yòókù. Ìyẹn ni kí ẹ gbé gíláàsì fún, bí gíláàsì bá di dandan.

Àmì ẹ̀yẹ àfowórà ńkọ́? Lẹ́tà á dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn rí: wọ́n ti mú yín mọ́ àwọn tó yege, ẹ ṣáà ti san owó tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Ó yẹ kí èyí tan òyìnbó, kò yẹ kó tan àwa. Nílé, ta ni kò mọ àwọn tó ń gbé páálí aláwọ̀ wúrà lọ fún alága káńsù, tí bíìlì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn?

Àwọn kékeré kékeré. Ẹ má ní kí òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú wá se oúnjẹ ọjọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má bèèrè ẹ̀yà ẹni lórí fọ́ọ̀mù bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Òfin ń ṣọ́ irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ gidigidi. Ẹ má fún ẹnì kan náà lọ́dún mẹ́ta léra wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyàwó alága. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àkọsọ ọ̀gá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ka gbogbo èyí fún ọmọbìnrin Manchester náà lórí fóònù, ó sì ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ó yé mi." Láàárọ̀ yìí ló fi fọ́ọ̀mù tuntun wọn ránṣẹ́ sí mi, ó ní àwọn ti tún un ṣe pátápátá. Mo ṣí i. Àpótí àkọ́kọ́: nọ́ńbà òṣìṣẹ́.