Ọ̀bẹ Méjì àti Òkúta Kan: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Ìdáná àti Oko ní Òṣogbo

Ẹ gbé ọ̀bẹ yín lé orí tòmátò tó pọ́n dáadáa. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn fà á díẹ̀. Bó bá wọlé fúnra rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Bó bá ń yọ̀ lórí awọ, tàbí tó fọ́ tòmátò náà mọ́lẹ̀, ọ̀bẹ yẹn ti kú. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo ń dé ní Òṣogbo yìí, ọ̀bẹ mẹ́fà méje ló wà nínú agbọ̀n ṣíbí, gbogbo wọn ló sì ti kú. Bí pọ̀nmọ́ bá ti lágídí díẹ̀, òmíràn ni wọ́n tún ń lọ rà. Owó ọ̀bẹ keje yẹn, òkúta ìpọ́nbẹ ló yẹ kẹ́ ẹ fi rà.

Èwo ni ká rà?

Ọ̀bẹ méjì ti tó ilé kan. Ọ̀kan tó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, fún ẹran, iṣu, ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà. Ọ̀kan kékeré, fún bíbó ọsàn àti ẹ̀gẹ́. Ẹ fi èyí tó wà nínú páálí aláràbarà sílẹ̀. Èmi náà ti rà á rí, mẹ́fà nínú páálí kan, èèkù wọn pupa fòò. Kí oṣù kejì tó pé, èyí tó tóbi jù ti tẹ̀ bí ọrun lórí iṣu.

Kẹ́ ẹ tó yà sí ìsọ̀ ọlọ́bẹ ní Ọjà Ọba, ẹ mú òòfà dání. Ti inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ dára. Irin tí iná àti omi lè sọ di líle máa ń lẹ̀ mọ́ òòfà. Irin dídán tí kì í lẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, rọ̀ jù láti di ojú mú. Pé ó lẹ̀ kò ní kó dára tán o, ṣùgbọ́n èyí tí kò lẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ wò ó láti ìdí dé ṣóńṣó bóyá ó tọ́. Ẹ wo èèkù rẹ̀ náà: kí irin gba inú rẹ̀ já dé ìparí, kí ìṣó méjì tàbí mẹ́ta sì dè é. Èyí tí irin rẹ̀ kàn kì bọ inú rọ́bà díẹ̀ á yọ kúrò níjọ́ tí ọwọ́ bá kún fún epo.

Ní tèmi, ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ fi síprín ọkọ̀ rọ ni mo fẹ́ràn jù. Ó rọrùn láti pọ́n, ojú rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń dógùn-ún. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi òróró pa á bó bá máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó tún lò ó. Àlùbọ́sà àti ọsàn á sọ ọ́ di dúdú. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ó tiẹ̀ ń dáàbò bò ó díẹ̀. Pupa ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Pípọ́n

Ẹ wá òkúta olójú méjì tí wọ́n kọ 400 sí ojú kan, 1000 sí èkejì. 400 ló rí hánhán, òun ló ń jí ọ̀bẹ tó ti kú. 1000 ló ń mú un jọ̀lọ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi omi lò, ẹ rẹ ẹ́ sómi títí kò fi ní hó mọ́, kẹ́ ẹ tẹ́ àkísà tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má baà sún.

Bí ọ̀bẹ ṣe máa dagun lórí òkúta ló ń dá àwọn èèyàn láàmú. Ẹ mú igun bébà kan, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ tún un ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnu igun tó kù yẹn jẹ́ dígírì 22 àti ààbọ̀. Ọ̀bẹ ilé ìdáná ń fẹ́ kó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀. Àdá oko ń fẹ́ kó ga tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ máa fà á láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, títí ìka yín yóò fi gbọ́ ohun kan tó ń há díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí etí páànù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á ní ó ti tó. Bí híhá yẹn ò bá tíì dé, kò tíì tó. Bó bá dé, ẹ yí i padà, ẹ ṣe bákan náà, kẹ́ ẹ wá bọ́ sójú 1000 pẹ̀lú ọwọ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á lórí bẹ́líìtì aláwọ tó ti gbó, kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ máa ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó gé bẹ́líìtì.

Bí òkúta ò bá sí, ẹ dojú kọ́ọ̀bù táńganrán dé. Òbìrí ìdí rẹ̀ tí kò dán yẹn ń pọ́n ọ̀bẹ. Sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń lò náà ń ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́, àmọ́ ó ń jẹ irin, ó sì ń fi eyín sójú ọ̀bẹ.

Ẹni tó bá ń gbé ọ̀bẹ fún oníẹ̀rọ ìpọ́nbẹ, ẹ dúró tì í. Kó máa tì í bọ omi léraléra. Bí ojú ọ̀bẹ bá ti yí sí búlúù, iná ti jẹ líle rẹ̀, kò ní di ojú mú níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ yé fi ọ̀bẹ sínú iná láti gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Bí Iléyá bá sì ń bọ̀, ẹ tètè lọ, torí ọwọ́ wọn máa ń dí. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣáà pa á láṣẹ pé kí ẹni tó fẹ́ pa ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kó mú.

Ohun tó ń pa ọ̀bẹ

Àwo, táìsì àti tíréè irin. Pátákó ni kẹ́ ẹ máa gé nǹkan lé. Ẹni tó ń gé ilá lọ́wọ́ sínú ìkòkò ń dá ojú ọ̀bẹ sí, ìka rẹ̀ nìkan ni kò dá sí. Egungun àti ẹja yìnyín, ti àdá ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá àlùbọ́sà tẹ́ ẹ gé kúrò lórí pátákó, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kẹ́ ẹ fi gbá a. Ẹ má sì rì í sínú omi ọṣẹ láàárín ṣíbí. Ọmọ tó máa fọ abọ́ kò ní rí i. Páálí tí a ṣẹ́ po tí a fi sẹ́lótéèpù dì ti tó àkọ̀. Bó bá já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó bọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ má gbìyànjú àtihán an.

Bẹ́líìtì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òkúta nígbà tí tòmátò bá kọ̀. Bí àárín òkúta bá jìn bí ọlọ ata, ẹ da iyanrìn àti omi díẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ rọ́ ọ níbẹ̀ títí yóò fi tẹ́ padà.