Mo tú orí okùn kan sílẹ̀, ipá òfìfo sì yí padà

Láti inú ìwé ni mo ti mọ̀ pé ní 1948, Hendrik Casimir, onímọ̀ físíìsì ọmọ Netherlands, fi hàn pé irin pẹlẹbẹ méjì tó kọjú síra nínú òfìfo á máa fa ara wọn, bí kò tilẹ̀ sí iná mànàmáná lára wọn. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ìṣirò náà kí n tó gbà á tán.

Okùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn ju irin lọ. Okùn tí a so pinpin ní orí méjèèjì kì í gbọ̀n bó ṣe wù ú. Bí a bá pe ìgbì tó falẹ̀ jù lọ ní 1, àwọn yòókù á jẹ́ 2, 3, 4, lọ títí. Ìmọ̀ kúántọ̀mù, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwọn ohun tín-ín-tìn-tín, sì sọ pé bí okùn náà bá tilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, agbára díẹ̀ ṣì ṣẹ́kù sínú ìgbì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yára tó ni tirẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò lópin.

Mo wá jẹ́ kí àwọn ìgbì tó yára máa rọ díẹ̀díẹ̀: lórí kọ̀ǹpútà, mo fi e^(−0.1n) sọ n di púpọ̀ (n ni nọ́ńbà ìgbì, e sì jẹ́ nǹkan bí 2.718), mo ro ó láti 1 dé 500. Ó jẹ́ 99.9167. Bí okùn náà kò bá ní orí rárá, gígùn kan náà nínú rẹ̀ á fún wa ní 100 gééré. Mo yọ ọ́ kúrò, ó ku −0.0833, ìyẹn −1/12. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Bí orí méjèèjì bá ṣe ń súnmọ́ra ni agbára ń lọ sílẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo tú orí kan sílẹ̀ kó máa lọ sókè sódò. Ìgbì wá di 0.5, 1.5, 2.5. Níbí ni mo ti kọsẹ̀: 105.17 ló jáde, n kò sì rí àṣìṣe kankan fún ìdajì ọjọ́. Àṣé 0, 1, 2 tí mo fi ń ka ìgbì ni mo fi ń rọ̀ wọ́n, dípò bí wọ́n ṣe yára tó gan-an. Irin tí orí okùn dúró fún kò mọ nọ́ńbà tí mo fún ìgbì. Bó ṣe yára tó nìkan ló mọ̀, torí irin gidi kò lè dá ìgbì tó bá yára jù dúró. Nígbà tí mo tún un ṣe, ó di 100.0416. Yọ 100 kúrò, ó ku +1/24! Okùn kan náà, gígùn kan náà, ṣùgbọ́n orí méjèèjì ti ń ti ara wọn báyìí.

Timothy Boyer, onímọ̀ físíìsì, rí irú èyí fún irin pẹlẹbẹ ní 1974: bí ọ̀kan bá gba iná kọjá láìní ìdènà kankan, tí èkejì sì gba òòfà wọlé láìní ìwọ̀n, wọ́n á ti ara wọn pẹ̀lú 7/8 ipá Casimir. Ipá Casimir fúnra rẹ̀ kéré, 0.0013 pascal (ìwọ̀n ipá lórí ààyè) ní àlàfo máíkírómítà 1 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà), àmọ́ dín àlàfo náà kù sí ìdajì, ó di ìlọ́po 16.

Ní alẹ́ àná, mo so orí okùn méjèèjì mọ́ra, ó di òrùka. Ìgbì di 2, 4, 6, oríṣi méjì méjì. Ó fún mi ní −0.3327, ó kù díẹ̀ kó pé −1/3: ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́.