Ẹ ka ọ̀nà tí dáìsì lè gbà balẹ̀ kí ẹ tó ya pátákó

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré orí pátákó, àwòrán ló sábà máa ń kọ́kọ́ rò: ibi tí ọ̀nà máa gbà, àwọ̀ tí ilé máa ní. Ìṣirò dáìsì (dé, lẹ́nu àwọn tó kàwé Faransé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo) á wá di ohun ìgbẹ̀yìn. Òun ló yẹ kó ṣáájú, torí dáìsì ló ń pinnu bóyá àwọn tó ń ta eré náà máa gbádùn rẹ̀ tàbí wọ́n máa dìde kó tó dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan: eré ìrìnàjò tí ọmọ ayò máa ti Àjàṣẹ́ gbéra, tó máa gba Sakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu, tó sì máa gúnlẹ̀ sí Ṣábẹ̀. Ilé 60 ló wà lójú ọ̀nà. Ohun tí ẹ máa lò kò ju kayé (ìwé) ìṣirò, bíìkì (gègé), páálí àti dáìsì méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Àwọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Dáìsì kan, àti ìdúró de 6

Ojú 6 ni dáìsì ní, 1 nínú 6 sì ni ìṣeéṣe ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro 1 dé 6 pọ̀, ó jẹ́ 21. Ẹ pín in sí 6, ó di 3.5. Bí ọmọ ṣe ń rìn nìyẹn ní ìpíndọ́gba. Ilé 60 máa gba ènìyàn ní bíi ìjù 18. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ń ta á, tí ìjù kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 20, eré á gba bíi ìṣẹ́jú 24. Dáìsì méjì máa sọ ìjù 18 yẹn di 9.

Ibi tí eré ti máa ń bàjẹ́ ni òfin lúdò tó ní ọmọ kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé 6 wá. Láti mọ bó ṣe le tó, ẹ ṣírò ohun tí kò ṣẹlẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Kí 6 má wá nínú ìjù kan jẹ́ 5/6. Kí ó má wá nínú ìjù mẹ́fà, ẹ sọ 5/6 di púpọ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà: 0.335, ìyẹn ni pé nínú ènìyàn mẹ́ta, ọ̀kan ṣì wà nílé lẹ́yìn ìpele mẹ́fà. Bí ènìyàn bá sì jẹ́ mẹ́rin, ìṣeéṣe pé ó kéré tán ẹnì kan kò tíì jáde jẹ́ 80 nínú 100. Ẹ wo ọmọdé tó jókòó ti pátákó tí kò rí nǹkan kan ṣe nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé Pọ́bẹ̀. Dáìsì kì í rántí, nítorí náà ẹni tó ti ju ú lẹ́ẹ̀márùn-ún lásán kò sún mọ́ 6 ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lọ.

Ẹ jẹ́ kí 1 tàbí 6 lè ṣílẹ̀kùn, 80 yẹn máa já sí 31. Ọ̀nà kejì ni kí ẹni tí kò tíì jáde máa ju ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìṣeéṣe ìjáde rẹ̀ á kúrò ní 17, á di 42 nínú 100. Èyí àkọ́kọ́ ló dára jù lójú tiwa, kì í fa eré gùn.

Òpin eré náà ní ìjàǹbá tirẹ̀. Ká ní ẹ sọ pé iye tó kù gẹ́lẹ́ lọ́mọ gbọ́dọ̀ jù kó tó wọ Ṣábẹ̀. Ẹni tó ku ilé 5 àti ẹni tó ku ilé 1 jọ ní ìṣeéṣe kan náà láti parí ní ìjù kan ṣoṣo, 1 nínú 6, wọ́n sì máa dúró fún ìjù mẹ́fà ní ìpíndọ́gba. Gbogbo ìsáré tẹ́nì kan ti sá ṣáájú lè ṣòfò síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iye tó bá kọjá náà wọlé, àfi bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn lè bá tiwájú.

Dáìsì méjì kì í ṣe dáìsì ńlá kan

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn rí àròpọ̀ 2 dé 12, kó sì rò pé iye mọ́kànlá náà dọ́gba. Ẹ ya àpótí 6 sí 6 sínú kayé, dáìsì pupa lókè, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì kọ àròpọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pupa 3 pẹ̀lú funfun 4 yàtọ̀ sí pupa 4 pẹ̀lú funfun 3. Ìdí tí a fi ní kí àwọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Nínú àpótí 36 náà ẹ máa rí èyí:

2 tàbí 12: àpótí 1 lọ́kọ̀ọ̀kan
3 tàbí 11: 2
4 tàbí 10: 3
5 tàbí 9: 4
6 tàbí 8: 5
7: 6

Nítorí náà, 6, 7 àti 8 kó 16 nínú 36. Ohun tí ẹ fẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà, bíi dúánù (àwọn aṣọ́bodè) tàbí òjò, ibẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Èyí tẹ́ ẹ bá kọ sí 12 lè má ṣẹlẹ̀ rárá títí eré á fi parí.

Ẹ ṣọ́ra fún àfikún náà, ìyẹn iye tí òfin eré máa ń fi kún ohun tí dáìsì mú wá. Ká ní ẹni tó fẹ́ sọdá odò gbọ́dọ̀ ju 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀: 15 nínú 36. Ẹ fún un ní àfikún 1, ó di 21 nínú 36. Èrè rẹ̀ tó 17 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ohun tó nílò bá jẹ́ 12, àfikún 1 kan náà kàn gbé e láti 1 dé 3 nínú 36 ni. Àfikún kan náà, agbára rẹ̀ yàtọ̀. Lórí dáìsì olójú 20, 5 nínú 100 ni àfikún 1 máa ń fi kún un níbi gbogbo.

Ibi tí ẹ máa dẹ pàkúté sí

Pẹ̀lú dáìsì kan, ilé tó jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ ní ìṣeéṣe 2 nínú 7 pé ọmọ kan máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ilé 1 jẹ́ 17 nínú 100, ó ń gòkè títí dé ilé 6 tó jẹ́ 36, ó sì já sí 25 ní ilé 7. Pàkúté tó bá wà ní ilé 6 ló máa mú ènìyàn jù. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn dúró ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà ní Kétu, ẹ má gbé e lé dáìsì lọ́wọ́, torí nínú eré mẹ́rin tí ènìyàn mẹ́rin ta, bíi ọ̀kan á wà tí ẹnì kankan kò tẹ ilé náà. Ẹ kọ ọ́ ní òfin: ẹni tó bá dé ẹnubodè, kó dúró.

Kí dáìsì fúnra rẹ̀ jẹ́ olóòótọ́

Àròpọ̀ ojú méjì tó kọjú síra gbọ́dọ̀ jẹ́ 7. Lẹ́yìn náà ẹ ju ú ní ìgbà 600. Ojú kọ̀ọ̀kan yẹ kó wá ní bíi 100. Láàárín 82 sí 118 kò sí wàhálà. Bí ojú kan bá yọ jáde kúrò láàárín iye yẹn, ẹ tún 600 mìíràn jù, bó bá sì jẹ́ ojú kan náà ló tún yọ, ẹ pa dáìsì náà tì. Ìgbà 60 kò tó, torí 5 tàbí 15 lè wá lórí dáìsì tó dára.

Àwọn kan máa ń fẹ́ lo owó ẹyọ mẹ́rin dípò dáìsì, ó sì lẹ́wà lọ́wọ́. Bí ẹnu àti ẹ̀yìn bá dọ́gba, ẹnu 0 dé 4 máa wá ní 1, 4, 6, 4, 1 nínú 16. Irú ìṣirò yìí náà ló wà nínú ọ̀pẹ̀lẹ̀: awẹ́ mẹ́jọ, ìhà méjì, 2 tí a sọ di púpọ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ó jẹ́ odù 256 (ìṣirò rẹ̀ la yá lò, a kò fi Ifá ṣeré). Àmọ́ owó ẹyọ kì í sábà dọ́gba, pàápàá èyí tí wọ́n ti fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ju ẹyọ kan ní ìgbà 100, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹnu wà lókè. Bó bá jẹ́ 60, tí mẹ́ta yòókù sì jọ ọ́, ẹnu mẹ́rin lápapọ̀ máa wá ní 13 nínú 100 dípò 6, ẹ̀yìn mẹ́rin kò sì ní tó 3. Iye tó bá jáde yìí ni kí ẹ fi díwọ̀n èrè àti ìyà inú eré yín.