Hándáòtì Lẹ Kó Sórí Ẹ̀rọ, Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàrin Olùkọ́ Yunifásítì n'Ìbàdàn

Oṣù kẹsàn-án 2023 ni àwọn yunifásítì Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí lo CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun. Àjọ NUC, tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, ló kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìlànà ẹ̀kọ́ náà, ó wá fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Àyè ńlá lèyí fún ẹni tó bá fẹ́ tún kọ́ọ̀sì rẹ̀ tò sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á fi fóònù ya fọ́tò nóòtì àtijọ́, wọ́n á dà á sórí Moodle, ìkànnì tí yunifásítì fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí. Ogójì ojú ewé bẹ́ẹ̀ lè tó 60 MB. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ kan náà, kò lè pé 1 MB. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó, tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Ẹnì kan á gbà á sílẹ̀, á pín in fún gbogbo kíláàsì lórí WhatsApp. Olùkọ́ á wá wo àkọsílẹ̀ Moodle, á rí i pé èèyàn mẹ́ta péré ló wọlé nínú igba, á ní: "Ṣé ẹ rí i? Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò fẹ́ ẹ." Irọ́ ni. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wá ṣe níbẹ̀ ni.

Ẹ mú kókó kan ṣoṣo, kí ẹ ṣe fídíò ìṣẹ́jú 5 sí 7 ní 480p kó má bàa wúwo, kí ẹ fi H5P, irinṣẹ́ inú Moodle tó ń fi ìbéèrè sínú fídíò, dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ìbéèrè lè yọ. Ká ní ọrọ̀ ajé lẹ ń kọ́ wọn: "Bí gààrí bá wọ́n ní Bódìjà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí títà èlùbọ́?" Ẹni tó bá ní yóò dínkù, ẹ má kàn kọ "Ó ti kùnà" fún un. Ẹ kọ ọ́ pé: "O rò pé wọ́n ń bára wọn rìn bí àmàlà àti ewédú; ńṣe ni wọ́n ń rọ́pò ara wọn." Kí H5P wá dá a padà sí ibi tí àlàyé wà nínú fídíò. Iṣẹ́ ọ̀sán kan gbáko lèyí fún kókó kan, a ò ní purọ́. Inú H5P fúnra rẹ̀ ni kí fídíò náà wà. Tó bá jẹ́ YouTube, kò ní ṣí lórí ààpù Moodle nígbà tí dátà bá tán.

Àṣìṣe kejì: ìdánwò oníṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan péré, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sá, ẹjọ́ dé ọ́fíìsì yín. Ẹ ṣí i fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, kí Moodle mú máàkì tó ga jù. Moodle gbà kí wọ́n ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi gbèdéke ìṣẹ́jú sí i, tàbí tí ẹ fẹ́ kí ìdáhùn máa yọ lójú ẹsẹ̀, àyè yẹn ti kú nìyẹn.

Ẹ fún iṣẹ́ orí Moodle yìí ní máàkì 10 nínú CA, ìyẹn máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó jọ kí ìdánwò ìparí tó dé. Ohun tí kò ní máàkì, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ṣe é. Àwa olùkọ́ náà, ìwọ̀nba la máa ń ṣe nínú iṣẹ́ tí kò bá sí fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́.

Kí ẹ tó kéde rẹ̀, ẹ yá fóònù ọmọléèwé kan tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, kí ẹ pa Wi-Fi ọ́fíìsì, kí ẹ wá ṣí i níbẹ̀.