Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìnàjò Ọjọ́ Méje Láti Ògbómọ̀ṣọ́ Lọ sí Etí Òkun Láti Wo Ẹranko

Òkun jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n kò jìnnà tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò ó. Ẹni tó bá kọjá níwájú ààfin Ṣọ̀ún kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò máa gbọ́ ìró ìgbì ní Lẹ́kkí kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ohun tó sábà máa ń ba irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ọkọ̀ la fi ń ṣètò rẹ̀: a ó ka kìlómítà, a ó ka wákàtí, a ó sì wá dé ibi tí ẹranko wà nígbà tí ẹranko ti sá fún oòrùn wọ inú igbó lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko Lẹ́kkí, aago méjì ọ̀sán la wọlé; a rìn títí, ewé àti ooru nìkan la rí. Nígbà kejì, a sùn mọ́jú nítòsí ibẹ̀, a sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. A kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀bọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka lórí wa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àsìkò ẹranko to ìrìnàjò, tí mo sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń ṣe é láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé Grand-Popo, ìlú etí òkun kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ kọ́kọ́ yan oṣù

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló dára jù. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọ̀nà ti gbẹ, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù sì ti dé sí ọ̀sà wa. Àsìkò yìí kan náà ni àwọn ìjàpá òkun máa ń gòkè wá sí iyanrìn lóru láti yé ẹyin. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ọdún, nítorí pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lè jẹ ọjọ́ kan gbáko mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní pẹ̀lú, bí kò bá jẹ́ pé ọdún ìṣẹ̀ṣe ìlú Wídà ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ fẹ́ wò, torí pé ilé ìtura kì í ṣófo níbẹ̀ nígbà náà. Tó bá jẹ́ tèmi ni, àárín oṣù Kọkànlá ni mo máa mú, ọjọ́ Ajé ni mo sì máa gbéra.

Ìwé, ọkọ̀ àti owó

Oṣù kan ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà láti wọ Bẹ̀nẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979 ló fún wa láyè yẹn. Àmọ́ ẹ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kí wọ́n lè fún yín ní yẹ́lò káàdì. Ó kéré tán, ẹ gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó dé ibodè, nítorí káàdì náà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́. Ní ti ọkọ̀, ẹ lọ bá àwọn tó ń bá yín ṣe ìnṣọ́ráǹsì kí wọ́n fún yín ní káàdì tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, èyí tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Bí orúkọ tó wà lórí pátíkúlà ọkọ̀ kì í bá ṣe tiyín, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àìsí lẹ́tà yìí ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ní ibodè.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ bíréèkì, rédíétọ̀ àti bẹ́líìtì wò, kí fọkanáísà sì yẹ táyà márààrún wò, títí kan èyí tó wà lẹ́yìn bùútù. Ẹ pààrọ̀ owó tó máa tó yín ná fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, ní ibi tí ẹ ti lè jókòó kà á, kí ẹ má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó sáré bá yín lójú títì. Bí ẹ bá dé Bẹ̀nẹ̀, ẹ óò rí epo bẹntiróòlù tí wọ́n tò sínú ìgò létí ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní kpayo. Ẹ fojú fò ó, kí ẹ ra epo ní ilé epo. Ẹ bèèrè bí ibodè ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n ti àwọn ibodè ilẹ̀ wa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n sì tó ṣí ibodè Sẹ̀mẹ̀ padà.

Ọjọ́ kìíní àti ìkejì: Ẹ̀pẹ́, Lẹ́kkí, Àgbádárìgì

Ẹ má ṣe gba inú Èkó kọjá lọ́jọ́ kìíní. Láti Ìbàdàn, ẹ gba Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ sì tipa bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀yìn wọ Lẹ́kkí. Ẹ óò rí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ẹ óò sì rí ọjà ẹja tí òkìkí rẹ̀ kàn. Wọ́n lè na akíka sí yín láàyè níbẹ̀, èyí tó ti ká ara rẹ̀ jọ bí òkúta nínú àpò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á, kódà bó jẹ́ pé ẹ fẹ́ tú u sílẹ̀ ni, nítorí pé owó tí ẹ bá san ló máa rán ọdẹ padà sínú igbó. Láti ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti ka òwò akíka láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì léèwọ̀, nítorí bí ẹranko náà ṣe ń tán lọ.

Ẹ wá ibi sùn tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ọgbà Lẹ́kkí. Ọdún 1990 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, láàárín ilé àti ọ̀nà ọlọ́dà tó yí i ká. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ibi gíga kì í bà, ẹ gun afárá orí igi tó gùn tó mítà 401, nítorí pé ibi gíga tí ẹyẹ ń fò ni ẹ óò ti máa rìn. Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú kúrò nísàlẹ̀. Ọ̀nì wà nínú irà, awọ́nríwọ́n a máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kọjá lórí pákó, ọ̀bọ mónà sì wà níbi gbogbo. Mo ti rí i tí ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ sórí ọ̀pá ìdáwọ́lé, tó na ọwọ́ dúdú kékeré bíi ti ọmọ ọwọ́, tó fa lailọọnu bisikíìtì yọ nínú báàgì ìyàwó mi, tó já a, tó sì fi ìka méjì mú bisikíìtì náà jáde láìjẹ́ kó rún. Ẹ kó oúnjẹ pamọ́, ẹ má sì fún wọn jẹ. Ọ̀bọ tó bá ti gbára lé ọwọ́ ènìyàn yóò máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọdé, àwọn ènìyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e ní òkò.

Kí aago mọ́kànlá tó lù, ẹ ti máa lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀nà náà le, ẹ ní sùúrù.

Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin: erékùṣù, ibodè, abúlé orí omi

Ní àárọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, kí ẹ rin láàárín igi àgbọn dé etí òkun, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú lọ láìpadà. Alákàn funfun a máa sáré lórí iyanrìn náà bí ẹ bá dákẹ́. Omi ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn lọ, ẹ má ṣe wẹ̀ níbẹ̀ rárá. Bó ṣe rí ní gbogbo etí òkun yìí nìyẹn, títí dé Grand-Popo.

Ọ̀sán ni kí ẹ kọjá ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé yín ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì gba ìwé àyè ọkọ̀ lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù Bẹ̀nẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún la ń wà níbẹ̀ bíi tiwa. Ẹ má sùn ní àárín ìlú Kùtọnu. Ẹ kọjá lọ sí Calavi, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ganvié, abúlé orí omi náà, ti ń gbéra, nítorí pé kùtùkùtù la ń wo ọ̀sà Nokoué tí abúlé náà wà lórí rẹ̀. Orí òpó igi ni gbogbo ilé Ganvié wà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sì ni ẹsẹ̀ wọn. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé kí ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àkájà kọjá, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja gún sínú omi ní agbo, kí ẹja lè sá pamọ́ síbẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì bímọ. Ibi tí ẹja bá pọ̀ sí ni ẹyẹ máa ń bà, nítorí náà orí igi àkájà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí awakọ̀ bá gbà láti pa ẹ́ńjìnnì kí ó sì fi ọ̀pá tì í, ẹ óò rí ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀ bá rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ẹ gba Route des Pêches tó lẹ̀ mọ́ etí òkun lọ sí Wídà, tí wọ́n ń kọ ní Ouidah lára pátákó ojú ọ̀nà. Ẹ rọra wà á. Bí ẹ bá bá ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn tí wọ́n tò sórí okùn, tí wọ́n ń kọrin tí wọ́n sì ń fa àwọ̀n láti inú òkun, ẹ dúró wò wọ́n.

Ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà: erè àti ìjàpá òkun

Ilé erè Wídà dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Àwọn erè tó wà níbẹ̀ kò ní oró, wọn kì í sì í tóbi. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀ nítorí pé ojúbọ ni; ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Nígbà tí alábòójútó gbé ọ̀kan kọ́ mi lọ́rùn, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ara rẹ̀ gbẹ, ó tutù bí ìkòkò omi, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára bí iṣan rẹ̀ ṣe ń fún tó sì ń dẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti èjìká mi òsì dé ọ̀tún.

Ẹ dé Grand-Popo kí ó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ lè sinmi, nítorí pé òru ọjọ́ yìí ni kókó ìrìnàjò náà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé ìtura yín nípa àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun, kí ẹ sì bá wọn lọ. Ẹ má dá lọ. Ìjàpá kan lè yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún sínú ihò kan ṣoṣo, iyanrìn ni yóò sì sàba lé e fún bí oṣù méjì. Bí iyanrìn náà bá ṣe gbóná tó ló ń sọ bóyá ọmọ inú rẹ̀ yóò jẹ́ akọ tàbí abo. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ má tan fóònù, nítorí pé apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ni ọmọ ìjàpá fi ń mọ òkun, iná tiyín lè darí rẹ̀ sí ojú títì. Bí ẹ bá ní oríire pé àwọn ọmọ ń jáde, ẹ dúró sẹ́yìn wọn. Wọn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Wọ́n á fi apá wọ́ ara wọn lọ, wọ́n á dúró, wọ́n á tún wọ́, títí ìgbì kan á fi gbá wọn lọ, tí ẹ kò sì ní rí wọn mọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ kò ní rí ohunkóhun lóru náà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé ṣáájú kí wọ́n má bàa sunkún.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ẹnu odò Mono, níbi tí omi odò ti pàdé òkun láàárín igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró sókè omi. Láti ọdún 2017 ni UNESCO ti ka agbègbè náà mọ́ àwọn ibi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò. Lẹ́yìn ọ̀sán, ẹ wakọ̀ padà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kí ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ óò gbọ́ Yorùbá ní ọjà, ara yín yóò sì balẹ̀.

Ọjọ́ keje

Láti Àjàṣẹ́, ẹ gba Ìgòlò bọ́ sí Ìdìròkò, kí ẹ tó kọjá sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ibùdó àyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà náà, nítorí náà aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí ẹ gbéra, pẹ̀lú gbogbo ìwé yín nínú àpò kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ lẹ dé Ọ̀yọ́, ẹ sùn síbẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ọ̀nà tí ẹni tó ti rẹ̀ ń wà lóru. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá délé, kí ẹ tó tú ẹrù pàápàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi lásán fọ abẹ́ ọkọ̀ náà dáadáa, nítorí pé iyọ̀ òkun tó lẹ̀ mọ́ ọn yóò máa jẹ irin rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.