Cello kejì nínú Adagio Schubert: bí o ṣe lè ta á kó wọ̀ ọ́ lọ́kàn

Bí wọ́n bá gbé ipa cello kejì lé ọ lọ́wọ́ nínú orin ẹni márùn-ún (violin méjì, viola kan tó tóbi díẹ̀ jù wọ́n lọ, cello ńlá méjì tí a ń jókòó ta) tí Schubert, olùkọrin ará Austria, kọ ní C major, mo mọ bí ojú rẹ ṣe máa rí nígbà tí o bá ṣí ìwé dé ìpín kejì, Adagio, ìyẹn ìpín tó ń falẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà láàárín ń fa ohùn gígùn, violin kìíní ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lókè, ìwọ nìkan lo gbé ọ̀pá onírun ẹṣin sílẹ̀ tí ò ń fi ìka fa okùn nísàlẹ̀. Á dà bíi pé wọn ò fún ọ níṣẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta ipa yẹn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Abẹ́òkúta, n kò sì ní fi pààrọ̀ cello kìíní láé.

Kọ́kọ́ mọ ibi tí orin náà ti wá. Ọdún 1828 ni Schubert kọ ọ́ ní Vienna, ọdún yẹn náà ló kú, ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá, ọmọ ọdún 31. Ó di ọdún 1850 kí wọ́n tó ta á ní gbangba. Nígbà tí Mozart, olùkọrin tó ṣáájú rẹ̀, fẹ́ fi ẹnì kan kún ẹni mẹ́rin (violin méjì, viola kan, cello kan), viola ló mú. Cello ni Schubert mú ní tirẹ̀. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà má ta á bí ẹni tí wọ́n fi dí àyè.

Má tíì fọwọ́ kan cello. Ọ̀pọ̀ wa níbí, inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì la ti kọ́ orin, sol-fa la sì fi kọ́ ọ. E major ni Adagio náà, E ni dó rẹ. Kọ ipa tìrẹ lẹ́nu, kọ ti violin kìíní, kí o wá kọ ti viola. Ti viola yìí làwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ohùn àárín ni orin ti ń yí padà tí inú ẹni á ṣàdédé rọ̀. 12/8 ni: ìlù ńlá mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó falẹ̀ débi pé bí o bá ka ìlù ńlá nìkan, o máa sáré. Àwọn kéékèèké ni kí o kà. Èmi a máa fi ẹsẹ̀ kà á bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn Olúmọ.

Ọ̀rọ̀ ìka ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Ìyá mi rẹ aró ní Ìtòkú títí agbára rẹ̀ fi tán. Á ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró, á gbé e jáde, aṣọ náà á sì jáde ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, lójú ẹni báyìí, díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yára tì í padà, ìyá mi á ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi, kò tíì dé." Ó ti kú fún ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ohun tí Adagio yìí ń béèrè lọ́wọ́ ìka mi nìyẹn. Ohùn tí o fi ìka fà, ẹ̀yìn tí ìka bá ti kúrò ló ń dé.

Nítorí náà, má lo èékánná. Ẹran ìka ni kí o lò, lápá ibi tí pátákó ìka, èyí tí ọwọ́ òsì ń tẹ okùn mọ́, parí sí, níbi tí okùn ti rọ̀. Kí ìka ọwọ́ òsì dúró lórí okùn, kó máa gbọ̀n díẹ̀, má gbé e kúrò títí nóòtù tó kàn á fi dé. Ẹni tó bá tètè gbé e, ohùn rẹ̀ á kú, orin á wá dà bí òjò tó ń kán sórí páànù. Àyà rẹ ni cello fara tì: bí ohùn bá pé, egungun àyà rẹ á mọ̀.

Ìpín náà dé àárín, ó bọ́ sí F minor, ìjì dé. Violin kìíní àti cello kìíní ń kọ orin kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìwọ ń fi ọ̀pá sáré lábẹ́ wọn. Ibí ni mo ti ṣubú rí. Oṣù kejì tí a sin ìyá mi, a ta á nínú gbọ̀ngàn kan. Mo dijú, mo ń rò ó, mo ń ti ọ̀pá bí ẹni ń jà. Ìgbà tí mo máa lajú, mo ti ṣáájú gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta violin kìíní ló ń mi orí sí mi títí mo fi padà sọ́nà. Ìbànújẹ́ mi gba iwájú orin, kò wá sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ta á, mo máa ń jókòó nílé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo máa ń tẹ́ adìrẹ kan tí ìyá mi rẹ sórí itan, mo máa ń ronú rẹ̀ dáadáa, mo sì máa ń sunkún bí ẹkún bá wá. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbé àpótí cello. Bí mo bá dórí àga, n kò dijú mọ́. Ìgbọ̀nwọ́ violin kìíní ni mo ń wò, nítorí ìgbọ̀nwọ́ ló máa ń sọ fúnni ṣáájú ọ̀pá.

Bí E major bá padà, kò padà bó ṣe lọ. Ọwọ́ rẹ á máa sáré nísàlẹ̀ lórí àwọn nóòtù wẹ́wẹ́, bíi pé ìjì náà kò tíì tán. Má pariwo rẹ̀. Ta á bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà ọyẹ́, èèkàn tó ń fa okùn cello le a máa yọ̀, okùn á dẹ. Fi kànrìnkàn tútù tí o ti fún dáadáa sínú ike oníhò, kó wà nínú àpótí, kí igi má bàa gbẹ jù. Kí o sì mọ Adagio náà sórí, nítorí iná. A ti ta ìdajì rẹ̀ nínú òkùnkùn rí ní Ìbarà, nígbà tí ẹnì kan ń bá jẹnẹrétọ̀ fà á níta. A ò dúró. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ viola dáadáa jù láyé mi.

Nígbà tí nóòtù ìkẹyìn bá ń lọ, fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ lórí okùn. Má nu òógùn, má ṣí ìwé. Scherzo, ìpín kẹta tó yára, ló kàn, ó máa bú jáde pẹ̀lú gbogbo agbára, ó sì máa gba apá rẹ. Ó lè dúró dè ọ́ fún èémí méjì. Wo àwọn mẹ́rin yòókù lójú, kí o tó gbé ọ̀pá.