Bí a ṣe ń la ọ̀nà fún ọ́ìlì láti padà sí sọ́mpù nínú blọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àtijọ́

Páǹpù ló ń ti ọ́ìlì gòkè láti inú sọ́mpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, àmọ́ kò sí ohun tó ń tì í sọ̀kalẹ̀. Ó kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, gba inú àwọn ihò tó wà nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà àti blọ́ọ̀kù. Nínú V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) àtijọ́ tó ń lo púṣírọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ti rọ́kà kí rọ́kà lè ṣí fáàfù, irú blọ́ọ̀kù kékeré Chevrolet tó jáde ní 1955, inú púṣírọ́ọ̀dù ni ọ́ìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rọ́kà, á sì padà gba àfonífojì àárín blọ́ọ̀kù níbi tí àwọn tápẹ́ẹ̀tì, tí káámù fi ń gbé púṣírọ́ọ̀dù sókè, wà. Bí ihò ìpadà bá há, tí ẹ́ńjìnnì sì ń sáré, ọ́ìlì á kóra jọ sókè, sọ́mpù á fà, páǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Bẹ́árìn kíránkì ló máa jìyà rẹ̀. Páǹpù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè tún un ṣe. Ṣe ló máa tètè kó ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ lọ sókè.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí ló dí ọ̀nà. Ìdọ̀tí dúdú tó dì bí ọ̀dà máa ń kún ihò ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ. Fáàfù PCV, èyí tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde kúrò nínú blọ́ọ̀kù, tó bá ti dí náà wà lára ẹ̀: gáàsì tó bá yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn á máa gba ihò kan náà gòkè tí ọ́ìlì fẹ́ gbà sọ̀kalẹ̀, á sì dá a dúró lójú ọ̀nà. Bí fífọ̀ àti fáàfù tuntun bá ti yanjú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan blọ́ọ̀kù.

Bí ẹ bá máa fọwọ́ kàn án, kí gbogbo nǹkan ti jáde nínú rẹ̀: kíránkì, káámù, bẹ́árìn káámù, àti gbogbo ìdérí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́ìlì. Kí iṣẹ́ yìí sì ṣáájú gígbẹ́ sílíńdà àti fífá ojú blọ́ọ̀kù, torí èérún irin tó bá há mọ́ bẹ́árìn rírọ̀ kì í jáde mọ́, ihò sílíńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kò sì gbọdọ̀ rí gíráńdà tó bá yọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wọn bó ṣe ń ṣàn kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ da lítà ọ́ìlì kan sínú àfonífojì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá títí yóò fi di pé ó ń kán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú irú ọ́ìlì tí ẹ lò àti bó ṣe gbóná tó. Láìsí iye yìí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ kun ojú blọ́ọ̀kù pẹ̀lú máákà ní àyíká ihò ìpadà, ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹ máa lò gan-an lé e, kí ẹ fi ìṣó tó mú fa ìlà yí ihò gásíkẹ́ẹ̀tì ká. Ìlà yẹn ni ààlà. Bí gígé bá kọjá rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì kò ní rí ibi jókòó sí, ọ́ìlì á sì máa jò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà lójú tọ́ọ̀pù sílíńdà, torí ibi tí ihò méjèèjì kò ti bára dọ́gba ni ọ́ìlì ti máa ń rí pèpéle jókòó sí.

Gígé rẹ̀ gan-an kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹ fi gíráńdà kékeré tó ní orí carbide (ohun líle tó ń gé irin) yọ irin tó ṣẹ́kù sétí ihò nígbà tí wọ́n da blọ́ọ̀kù. Ohun tí ẹ ń wá ni ihò tí kò ní gọngọ nínú; kò dìgbà tó bá fẹ̀. Mílímítà 1 yípo ti tó, torí ẹ kò lè rí bí ògiri tó wà láàárín ihò àti yàrá omi ṣe nípọn tó. Ẹ jìnnà sí ihò bọ́ọ̀tì pẹ̀lú, ó kéré tán mílímítà 5. Nínú àfonífojì, ẹ fá etí ihò kó rí bí ẹnu àrọ, ní fífẹ̀ mílímítà 2 sí 3. Ẹ wo etí tó mú dáadáa: ọ́ìlì á wú lórí rẹ̀ bí omi tó rọ̀ mọ́ etí òrùlé tí kò fẹ́ kán. Ẹ fi sáńpépà 80 parí rẹ̀. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ máa fi òróró díẹ̀ kan orí carbide, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ á dí. Awò tó ń dáàbò bo ojú kò ṣeé fojú fò: èérún yẹn mú bí abẹ́rẹ́.

Ihò ẹ̀yìn ni kí ẹ lo àkókò yín lé jù, torí bí ọkọ̀ bá ń sá tàbí tó ń gun òkè, ẹ̀yìn ni ọ́ìlì ń lọ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje máa ń fi páìpù kúkúrú gbé ẹnu ihò àárín sókè kí ọ́ìlì má bàa dà sórí kíránkì. Bí káámù yín bá jẹ́ èyí tí ìsàlẹ̀ tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ má ṣe é o. Ọ́ìlì tó ń ta sí káámù wà lára ohun tó ń pa á mọ́. Ọ̀dà tí àwọn kan ń kùn sínú àfonífojì náà, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá ṣí, ẹnu páǹpù ló ń lọ dí.

Fífọ̀ ló máa pẹ́ jù. Omi gbígbóná, ọṣẹ tó ń gé ọ̀rá, àti búrọ́ọ̀ṣì gígùn tó lè wọ ọ̀nà ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan já sódì kejì. Ẹ fi aṣọ funfun nu inú ihò tápẹ́ẹ̀tì àti ibi ìjókòó bẹ́árìn. Bó bá ṣì ń di eérú, ẹ tún un fọ̀. Kẹrosíìnì nìkan kò tó, ó kàn ń gbé èérún kiri ni. Ẹ fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á, torí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni irin tó mọ́ tónítóní yẹn máa dóògún.

Ẹ tún lítà kan yẹn dà, pẹ̀lú ọ́ìlì kan náà tó gbóná bákan náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ sì gé fílítà rẹ̀. Bí máàgínẹ́ẹ̀tì bá kó eérú dúdú púpọ̀ nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fífọ̀ ni kò délẹ̀. Ẹ má tíì wa ọkọ̀ náà.